Lẹ́yìn Tí Fọkanáísà Bá Ti Ṣe Tirẹ̀

Ọyẹ́ mú gan-an ní Sábó, Zaria, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kìíní. Eruku ti bo orí páànù, àwọn ọmọdé wọ súwẹ́tà lé ara wọn, obìnrin kan sì fẹ̀yìn ti ògiri tí oòrùn ń bà, ó ń dúró kí ògì rẹ̀ hó. Nínú agboolé yìí, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Katsina àti Ígálà ni wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan ṣoṣo.

Láàárín ọgbà, ọ̀gá káfíńtà kan gbé àpótí ìjókòó méjì kojú ara wọn. Ó ki irin bọ àárín wíìlì ẹ̀yìn alùpùpù Boxer rẹ̀, ó gbé orí irin náà méjèèjì lé àpótí, wíìlì sì rọ̀ sáàárín, kò kan ilẹ̀. Ó fi ìka kan tì í. Wíìlì yí, ó yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́, ó fẹ́ dúró, ó tún fúnra rẹ̀ yí padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó wà nísàlẹ̀. Ó tún tì í. Nígbà tí yóò fi dúró, àmì ṣọ́ọ̀kì ti padà wá sísàlẹ̀.

"O rí i? Ibẹ̀ ló wúwo," ó wí fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. "Òdìkejì rẹ̀ la máa fi wáyà sí."

Aládùúgbò wọn kan, Hausa tó ń wa kẹ̀kẹ́ Marwa, ti dúró tì wọ́n tipẹ́. "Baba, ẹ ti di mai faci, fọkanáísà, nìyẹn!" Bàbá rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè.

Ohun tó ń ṣe yìí, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun alùpùpù lórílẹ̀-èdè yìí kò rí i rí. Ká pààrọ̀ táyà, ìyẹn ò ṣòro: fọkanáísà wà ní gbogbo ìkóríta. Ṣùgbọ́n ká rí i dájú pé wíìlì náà dọ́gba yíká lẹ́yìn tí táyà tuntun ti wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń bójú tó o. Ẹni tó ni máṣíìnì rò pé fọkanáísà ti ṣe é. Fọkanáísà rò pé kò sí nínú iṣẹ́ òun. Láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀mí èèyàn wà.

Ẹ̀rọ wà, ti mọ́tò ni

Ní Zaria, láti PZ dé Kwangila, àwọn ṣọ́ọ̀bù wà tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wo wíìlì bóyá ó dọ́gba. Ẹ máa gbé ti mọ́tò lọ, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yí i, á sọ ibi tí wọ́n máa kan òjé mọ́ àti ìwọ̀n òjé náà. Kí ló dé tí ọlọ́kadà ò lè gbé tirẹ̀ lọ?

"A máa ń dá wọn padà ni," ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ. Ó fi ọ̀pá tó yọ síta lára ẹ̀rọ rẹ̀ hàn mí. Ihò àárín ríìmù mọ́tò fẹ̀ tó láti gba ọ̀pá yẹn. Ihò àárín wíìlì alùpùpù kéré sí i gan-an, nítorí irin tó ń gbà á kọjá kì í sábà nípọn ju mílímítà 15 lọ. "Irin kan wà tí wọ́n fi ń so ti alùpùpù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló máa náwó sí i nítorí ọlọ́kadà?"

Fọkanáísà kan lójú ọ̀nà Samaru, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lẹ táyà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó dáyé, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Wọ́n á ní kí n yára, àwọn ń lọ síbi iṣẹ́. Mo bá fi táyà sí i, mo fẹ́ ẹ, wọ́n sanwó, wọ́n lọ."

N kò dá a lẹ́bi. Owó tí wọ́n ń san fún un, iṣẹ́ ọwọ́ tó ṣe ni, ó sì ṣe é dáadáa. Ohun tó kù ló já sọ́wọ́ ẹni tó ni máṣíìnì.

Bí táyà ṣe di ohun ìṣọ́

Ìlú tí ọ̀nà pàdé sí ni Zaria. Rélùwéè tó ti Baro lọ sí Kano gba ibẹ̀ kọjá ní 1911, ó sì wà lára ohun tó kó àwọn baba ńlá Yorùbá Sábó wá. Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Samaru tó wà lẹ́bàá rẹ̀ sì kún títí ó fi di ìgboro. Ẹni tó ń gbé Sábó, tó ń ṣiṣẹ́ ní Samaru, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Shika, tí oko rẹ̀ sì wà lọ́nà Giwa, kò lè ṣe é láìsí máṣíìnì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna fòfin de alùpùpù, ìbáà ṣe ti akérò tàbí ti aládàáni, fún oṣù mẹ́ta, nítorí wàhálà àwọn agbébọn. Máṣíìnì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Táyà tó bá dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀, ibi tó kan ilẹ̀ á tẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbé tirẹ̀ jáde, ó ra táyà tuntun, wọ́n bá a fi sí i lójú títì, ó sì gbọ̀nà Shika lọ. "Bí mo ṣe ń sáré díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí nídìí. Mo rò pé béárìn ni. Mo pààrọ̀ béárìn, kò lọ."

Táyà tuntun fúnra rẹ̀ kò rọrùn láti rà mọ́. Ilé iṣẹ́ Michelin ní Port Harcourt kógbá wọlé ní 2007. Ní 2008, Dunlop ní Ìkẹjà náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Orílẹ̀-èdè tó ń gbin igi rọ́bà, tó sì ní ibùdó ìwádìí rọ́bà ní Iyanomo lẹ́bàá ìlú Benin, wá ń wojú Ṣáínà àti Íńdíà fún táyà. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀ lọ́jà, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá ló gbówó lórí. Èèyàn á bá wo táyà tí orí rẹ̀ ti dán, á ní ó ṣì lè dé ìparí oṣù.

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí táyà fi ṣe pàtàkì kẹ́ni tó sanwó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wá àwọn lẹ́tà DOT, kí ẹ tẹ̀ lé e títí dé nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 1823, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. SON, àjọ tó ń rí sí i pé ọjà péye, ti ń sọ ọ́ léraléra pé táyà kò yẹ kó kọjá ọdún mẹ́rin. Àwọn oníṣòwò kan ń fi òróró pa táyà tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kó lè máa dán. Ẹ má wo dídán rẹ̀, nọ́ńbà ni kí ẹ wò.

Táyà tó bẹ́ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 2016, lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja, ni mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, James Ocholi, kú nínú ìjàm̀bá mọ́tò pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ nígbà náà pé táyà ló bẹ́. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ẹsẹ̀ méjì péré ni alùpùpù ní.

Bí etí táyà ṣe ń jáde

Ọ̀gá káfíńtà kì í gbé wíìlì rẹ̀ lọ sójú títì mọ́. Ó gbé máṣíìnì dúró lórí sítáàńdì ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀, ó tú ṣéènì àti bíréèkì, ó fa irin àárín yọ, wíìlì jáde. Ohun tó kà sí pàtàkì jù ni pé kí gbogbo nọ́ọ̀tì àti wáṣà wà nínú abọ́ kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ọmọ rẹ̀ ló ń tò wọ́n.

Ó tú afẹ́fẹ́ dànù tán, ó yọ abẹ́rẹ́ inú fáàfù, ó tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ fáàfù. Ó wá gun etí táyà mọ́lẹ̀ yíká títí tó fi já kúrò lára ríìmù. Ibi táwọn tó ń kánjú ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí. Wọ́n á ti irin bọ̀ ọ́, wọ́n á fi gbogbo agbára fà á, túùbù á ya, tàbí etí ríìmù á wó.

Àárín ríìmù jìn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìdí sì wà. Bí ẹ bá fi orúnkún tẹ etí táyà lódìkejì kó wọ inú kòtò àárín yẹn, ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ á dẹ̀, irin kékeré méjì á sì gbé e jáde láìsí ìjà. Ọṣẹ àti omi díẹ̀ ló kù. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù tàbí gíríìsì ṣe é, epo ń jẹ rọ́bà. "Bó bá ti ń gba agbára, o ti ṣì í ṣe," ọ̀gá sọ. "Dúró, wo ẹ̀yìn ọ̀hún, o máa rí i pé etí rẹ̀ ò sí nínú kòtò."

Kó tó fi tuntun sí i, ó fi ọwọ́ pa inú ríìmù yíká. Rọ́bà tó bo orí sípóòkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ya, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sípóòkì á gún túùbù láti inú wá. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú túùbù tuntun kó má bàa ká, ó tẹ̀ ẹ́ sínú táyà, ó wo ọfà ẹ̀gbẹ́ táyà kó kọjú síbi tí wíìlì ń yí sí. Àmì róbótó pupa tàbí òfééfèé wà lára àwọn táyà kan. Òfééfèé sábà máa ń fi ibi tó fúyẹ́ jù lára táyà hàn, ẹ̀gbẹ́ fáàfù ni wọ́n sì ń gbé e sí, torí pé fáàfù wúwo.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọlọ́kadà mọ̀. Nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ fáàfù, ẹ má dì í pinpin mọ́ ríìmù. Bí táyà bá ń yọ̀ díẹ̀ lórí ríìmù nítorí bíréèkì tàbí afẹ́fẹ́ tó dínkù, fáàfù tí wọn ò dì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i pé ó ti tẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Èyí tí wọ́n dì pinpin, ṣe ló máa já nídìí lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn tó fẹ́ ẹ tán, ó wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, létí ríìmù. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ríìmù bákan náà yíká. Bó bá sún mọ́ ríìmù níbì kan, táyà ò tíì jókòó. Ó tú afẹ́fẹ́, ó tún fi ọṣẹ sí i, ó tún fẹ́ ẹ.

Gíráàmù 30

Ká wá sọ̀rọ̀ wíwúwo. Kò sí táyà tí ilé iṣẹ́ ṣe tí kò wúwo díẹ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ríìmù náà ní ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, fáàfù ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá papọ̀, ìyàtọ̀ gíráàmù 30 kì í ṣe ohun ìyanu. Kò tó ẹyin adìẹ kan.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kan ní Samaru bá mi ṣírò rẹ̀ sórí ìwé. Bí Boxer bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, wíìlì rẹ̀ ń yí ju ìgbà 12 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gíráàmù 30 tó wà létí ríìmù á máa fa wíìlì jáde pẹ̀lú agbára tó tó ìwọ̀n kílò mẹ́rin, sókè, sísàlẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára yẹn kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ. "Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìjà náà á di ìlọ́po mẹ́rin," olùkọ́ sọ. "Ìdí tí ẹ ò fi mọ̀ ọ́n nínú ìgboro nìyẹn, tí ẹ fi ń mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà Kano."

Kí n sọ òótọ́: ẹni tí kì í kúrò ní Sábó sí Tudun Wada, tó ń yẹra fún kòtò ní gbogbo ìṣẹ́jú, lè máà mọ ìyàtọ̀ rárá. Ẹni tó ń bọ́ sí márosẹ̀ lọ sí Kaduna, tí ọmọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gbígbọ̀n yẹn ń jẹ táyà lójú kan, ó ń jẹ béárìn, ó ń dẹ sípóòkì, ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún á sì kú tipiri kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀nà ọ̀gá káfíńtà tọ́, àmọ́ ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Kó tó ti wíìlì rárá, ó fi irin kékeré kan sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le ń dún gooro; èyí tó dẹ̀ ń dún bòm̀bò. Ó gbé bírò kan sún mọ́ etí ríìmù, ó yí wíìlì, ó wò ó bóyá ríìmù ń sún mọ́ bírò níbì kan tó sì ń sá fún un níbòmíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ríìmù ti wọ́, kò sí wáyà tó lè wò ó sàn. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń na ríìmù. Ó tún wo béárìn. Béárìn tó ti dípẹta kò ní jẹ́ kí wíìlì yí lọ síbi tó wúwo, yóò kàn dúró níbi tó bá wù ú, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé ó ti dọ́gba.

Bí gbogbo èyí bá ti dára, ó ku àpótí méjì tí gíga wọn bára mu. Ẹ yọ àwo bíréèkì kúrò kó má máa fi ara ha wíìlì. Ẹ tì í, ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ sàmì sísàlẹ̀. Ẹ ṣe é títí tí yóò fi dájú pé ojú kan náà ló ń padà sí. Ẹ wá fi sẹ́lótéèpù lẹ ègé wáyà kékeré mọ́ òdìkejì, lókè, lára ríìmù. Ẹ tún tì í. Bó bá ṣì ń padà, ẹ fi kún un; bí òkè bá wá ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ yọ díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé wíìlì síbi tó wù yín tí kò sì kúrò níbẹ̀, ó ti dọ́gba. Ẹ wá ká wáyà náà mọ́ sípóòkì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, níbi tó ti kan ríìmù, kí ẹ lọ́ ọ kó le.

Wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin ni ọ̀gá ń lò. Ó wà níbi gbogbo, kò sì wọ́n.

Ẹ fi òjé sílẹ̀

Mo rí àwọn tó ń ṣa òjé tó já bọ́ lára wíìlì mọ́tò, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú agolo lórí iná, kí wọ́n lè lò ó fún nǹkan míì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é nílé. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara tó wà nítòsí wa, májèlé òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ìwọ̀n tiwọn pọ̀ ju ti agolo kan lọ, ṣùgbọ́n èéfín òjé àti eruku rẹ̀ kì í fi ọmọdé sílẹ̀, ọpọlọ wọn ló ń bà jẹ́. Wáyà irin tó. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ yín ti kan òjé, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó gbé ọmọ tàbí kí ẹ tó jẹun.

Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sán

Zaria ní ìṣòro kan tí Èkó kò ní. Nínú oṣù Kìíní, òru lè tutù dé nǹkan bíi 14 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ọ̀sán ọjọ́ kan náà á sì gbóná dé 30. Afẹ́fẹ́ inú táyà ń sún kì nínú òtútù. Bí ooru bá fi 15 dínkù, géèjì á fi nǹkan bíi psi 2 dínkù. Ẹni tó fẹ́ táyà dé 28 lọ́sàn-án, nǹkan bíi 26 ló máa bá láàárọ̀.

Fún Boxer 100, nǹkan bíi psi 25 ló yẹ níwájú, 28 lẹ́yìn bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń gùn ún, 32 bí èrò bá jókòó sẹ́yìn. Fún máṣíìnì mìíràn, ẹ wo ìwé rẹ̀ tàbí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Láàárọ̀, kí máṣíìnì tó rìn, ni kí ẹ wò ó. Fífi àtẹ́lẹsẹ̀ gbá táyà kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Géèjì kékeré tirẹ̀ ló yẹ kí ọlọ́kadà kọ́kọ́ rà, kó tó ra ẹ̀rọ orin tó ń fi sí máṣíìnì.

"Ọ̀pọ̀ géèjì tó wà lójú títì ti bàjẹ́," fọkanáísà Samaru fúnra rẹ̀ gbà. "Tèmi gan-an, mo mọ̀ pé ó ń fi díẹ̀ parọ́. Etí ni mo fi ń gbọ́ ọ."

Ilé ẹ̀kọ́ wà nítòsí

Ìlú yìí kò ṣaláìní àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ibùdó ẹ̀kọ́ nípa ìrìnnà ti ìjọba àpapọ̀, NITT, ti wà ní Zaria láti 1986. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú, NCAT, wà níbí, wọ́n kì í fi táyà bàálù ṣeré. ABU ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Gbogbo wọn kò jìnnà sí ìkóríta tí fọkanáísà ń fi etí gbọ́ afẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní NITT, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àwọn fọkanáísà ní Sábó, Samaru àti Tudun Wada: ẹ pe ara yín jọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ kó géèjì tó péye dání kí gbogbo fọkanáísà lè fi tirẹ̀ wé e. Ẹ gbé wíìlì ọ̀kadà kan lé orí àpótí méjì lójú gbogbo èèyàn, kí ẹ sì ṣe àlàyé rẹ̀ ní èdè Hausa. Ọlọ́kadà tó bá fojú ara rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan á lè ṣe é nílé. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tún nọ́ọ̀tì irin àárín wò lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́, pàápàá ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì rí i pé píìnì rẹ̀ wà níbẹ̀.